Kí ni sinimá ogun ń fi sílẹ̀ nínú ohun tí ojú ọmọ ogun rí?

Ọmọ Ìjerò béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọdún tó kọjá, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ológun rí tàbí tí wọ́n bí yín sí ilé ológun.

Bàbá mi wọṣẹ́ ológun ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń lọ lọ́wọ́, ìhà Aba àti Owerri ni wọ́n sì wà títí ogun náà fi parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Wọ́n padà sí Ìjerò, wọ́n ń dáko, wọ́n fẹ́ ìyá wa, wọ́n bí wa, wọ́n sì tọ́ wa dàgbà, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun lẹ́nu wọn ju gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta lọ. Àwọn ọmọ mi ní tiwọn fẹ́ràn sinimá ogun púpọ̀. Bí wọ́n bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá, wọn á tan tẹlifíṣọ̀n nínú pálọ̀, ìró ìbọn á gba gbogbo ilé, bàbá á sì dìde láìsọ̀rọ̀, wọn á lọ jókòó sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé títí sinimá náà á fi parí.

Mo ti rò pé ìró ìbọn ni wọn kò fẹ́ gbọ́. Ní ọjọ́ kan mo tẹ̀ lé wọn jáde, mo ní ṣé kí n sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n pa á. Wọ́n ní rárá, kí n jẹ́ kí wọ́n máa wò ó, pé eré ni wọ́n ń wò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀, wọ́n wá ní, "Àwọn tó ṣe é kò gbé ẹrù." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye lé lórí ni èyí: nínú àwọn sinimá ogun tí a ń wò, èwo ló sún mọ́ ohun tí ojú ọmọ ogun ń rí, kí sì ni gbogbo wọn ń fi sílẹ̀? Ṣé ó burú bí mo bá wá èyí tó jẹ́ òótọ́, tí mo sì bẹ bàbá pé kí a jọ wò ó? Wọ́n ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún, Ọlọ́run yóò sì dá wọn sí fún wa, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ni mo ti fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, n kò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Olùkọ́ Ìtàn, Ìkọ̀lé:

Mo ka gbólóhùn tí bàbá sọ lábẹ́ igi ọsàn yẹn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, ó sì dá mi lójú pé wọn kò fi pa òwe. Ẹrù gan-an ni wọ́n ń sọ.

Ẹni tó bá ka ìtàn àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hítílà yóò rí i pé ẹrù ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun kọkànlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ nínú rẹ̀, gba àfonífojì odò Kaladan wọ inú Bọ́mà ní ọdún 1944. Igbó àti òkè ibẹ̀ kò jẹ́ kí ọkọ̀ lè bá wọn lọ títí, nítorí náà ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ni àwọn aláàárù ogun sì fi ń ru àwọn ẹrù náà tẹ̀ lé àwọn tó ń yìnbọn. N kò tíì rí sinimá ńlá kan láti òkè òkun tó fi ọkùnrin kan tó ru àpótí ọta sórí ṣe olórí ìtàn rẹ̀.

Àwa náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ogun Kírìjì tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, a kò tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà títí di ọdún 1886, bẹ́ẹ̀ ni bùdó kò tú ká títí di ọdún 1893. Ọdún wo ni ẹnikẹ́ni fi lè máa yìnbọn láti òwúrọ̀ di alẹ́ nínú gbogbo àkókò yẹn? Wọ́n kọ́ ilé sí bùdó, wọ́n dáko yí i ká, wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì sin òkú níbẹ̀. Síbẹ̀, ìró àgbá ni a fi sọ ogun náà lórúkọ, a kò fi ìdúró tí wọ́n dúró fún ọdún púpọ̀ sọ ọ́. Bí wọ́n bá sì ń ṣe eré rẹ̀ ní ilé ìwé wa, Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé á jáde pẹ̀lú idà lọ́wọ́, ìlù á dún, ọ̀tá á sá, eré á parí láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Èmi fúnra mi ti darí irú eré bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń dùn mí nísinsìnyí pé n kò fi obìnrin kan ṣoṣo tó ń se oúnjẹ bùdó sínú rẹ̀.

Nínú àwọn sinimá tí mo mọ̀, *Platoon* ti ọdún 1986 wà lára àwọn tó rántí ẹrù. Oliver Stone tó darí rẹ̀ ti jagun ní Vietnam fúnra rẹ̀ láàárín ọdún 1967 sí 1968. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ya sinimá náà ní Philippines, ajagunfẹ̀yìntì kan tó ń jẹ́ Dale Dye kó àwọn òṣèré wọ inú igbó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ń gbẹ́ kòtò, wọ́n ń sùn sínú rẹ̀, wọn kò sì jẹun yó, kí àárẹ̀ tí a óò rí lójú wọn lè jẹ́ àárẹ̀ tòótọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ogun di ẹrù tó pọ̀ jù sẹ́yìn, ó sì ṣubú lulẹ̀ nínú igbó. Ọ̀gá rẹ̀ kan tú àpò náà, ó ń yọ ohun tí kò wúlò kúrò nínú rẹ̀. Ìran kékeré ni, kò pẹ́, ṣùgbọ́n bóyá òun ni bàbá yín á dá mọ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ jọ wo nǹkan kan pẹ̀lú bàbá, mo lè dábàá *The Burma Boy*, tí akọ̀ròyìn Barnaby Phillips ṣe fún Al Jazeera ní ọdún 2011. Kì í ṣe eré. Ìtàn Isaac Fadoyebo ni, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, kì í ṣe Emùré ti Èkìtì wa. Ọ̀dọ́langba ni nígbà tó wọṣẹ́ ológun, ẹ̀ka ìtọ́jú aláìsàn ni wọ́n sì fi í sí. Ọta bà á lẹ́sẹ̀ ní etí odò Kaladan ní ọdún 1944, àwọn yòókù kú tàbí kí wọ́n sá lọ, òun àti ọmọ Sierra Leone kan ló kù. Mùsùlùmí abúlé kan níbẹ̀ gbé wọn pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń bọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ ogun Japan wà nítòsí. Kò sí ọ̀tá tí Fadoyebo pa nínú ìtàn náà. Ó dùbúlẹ̀, ó ń jẹ̀rora, ó sì ń retí.

Ajagunfẹ̀yìntì, Ìkẹ́rẹ́:

Olùkọ́ ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi ojú ara mi rí, nítorí ìròyìn kò tó àfojúbà.

Mo wà ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, pẹ̀lú ECOMOG, àwọn ọmọ ogun tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kó jọ, ní oṣù kẹwàá ọdún 1992, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ ibẹ̀, kọlu ìlú náà. Ohun kìíní tí sinimá kò sọ ni pé ènìyàn kì í sábà rí ẹni tó ń yìnbọn sí i. Nínú sinimá, ẹ ó rí ojú ọ̀tá, ẹ ó rí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ó sì rí i nígbà tó bá ṣubú. Lọ́dọ̀ tiwa, ògiri ni mo ń wò, àti koríko, àti fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, mo sì ń ro ibi tí ìyẹn ti wá. Etí ni mo fi ń jagun ju ojú lọ. Ọta ìbọn a máa sáré ju ìró lọ: bí wọ́n bá yìn ín sí ọ tí ó sì tàsé, ohun tí o kọ́kọ́ gbọ́ ni "pà!" bí ìgbà tí wọ́n na pàṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ, lẹ́yìn náà ni "gbì" ti ìbọn gan-an á tó dé láti òkèèrè. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni a fi ń mọ bí ẹni náà ṣe jìnnà tó. Nínú sinimá, ìró kan ṣoṣo ni, ó sì máa ń dùn létí. Bọ́ǹbù wọn náà máa ń yọ iná pupa ńlá bí ẹni tó da epo bẹntiróòlù síná, nítorí pé epo ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Èyí tí mo rí ní tèmi, ekuru ni, dúdú àti eérú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò pẹ́ tó kí ojú rí i tán. Ẹni tí ọta bá bà kì í sì fò sẹ́yìn. Ṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé àárẹ̀ mú un tó fẹ́ jókòó.

Òórùn ńkọ́? N kò ní sọ ọ́ níbí. Kò sí ẹ̀rọ tó lè gbé e jáde láti inú tẹlifíṣọ̀n, èmi fúnra mi kò sì fẹ́ kí ó jáde.

Mo wo *The Hurt Locker*, tí Kathryn Bigelow gba ẹ̀bùn Oscar fún ní ọdún 2010, lórí àwọn tó ń tú bọ́ǹbù ní Iraq. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n fi hàn níbẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Sójà kì í dá ṣiṣẹ́ bọ́ǹbù bí ó ti wù ú, kì í sì í jáde ní bárékè lóru lọ wá ẹni tó ń bínú sí. Àwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà náà ráhùn nípa rẹ̀, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n ìran kan wà níparí rẹ̀ tí ó mú kí n pa tẹlifíṣọ̀n náà, kí n sì jáde síta. Ọkùnrin náà ti padà délé, ìyàwó rẹ̀ ní kí ó lọ mú oúnjẹ òwúrọ̀ wá nínú ilé ìtajà ńlá kan. Ó dúró níwájú páálí oríṣiríṣi, pẹpẹ tí wọ́n tò ó sí gùn bí òpópónà, kò sì mọ èyí tí yóò mú.

Nígbà tí èmi dé láti Làìbéríà, ìyá àwọn ọmọ mi rán mi lọ ra ata àti tòmátò lọ́jà Ìkẹ́rẹ́. Mo dúró níwájú àwọn ìyá tó pàtẹ. Wọ́n ń pè mí, "Oníbàárà mi, wá ra tèmi," ọwọ́ wọn pọ̀, tòmátò pupa rẹrẹ, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, n kò sì lè na ọwọ́ mi. N kò mọ bí ó ti pẹ́ tó. Ìyá àgbàlagbà kan ló di ata náà fún mi, kò gba owó, ó sì ní, "Máa lọ ilé, ọkọ mi." Mo gbàgbọ́ pé ó mọ̀. Àwọn tó kọ ìran yẹn, ẹnikẹ́ni tí wọn ì báà jẹ́, ti bá irú wa sọ̀rọ̀ rí.

Nítorí náà, kì í bí mi nínú mọ́ bí wọn kò bá mọ bí ìbọn ṣe ń dún. Ohun tó ń dùn mí ni pé sinimá púpọ̀ máa ń parí ní ọjọ́ tí ọkọ̀ gbé wọn padà, tí fèrè ń dún, tí ìyàwó sì ń sáré bọ̀. Ọjọ́ yẹn ni tèmi bẹ̀rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́, Adó:

Ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ẹ kọ, ṣùgbọ́n mo bẹ̀bẹ̀ kí ẹ jẹ́ kí n gbèjà sinimá díẹ̀, nítorí pé òun ló jẹ́ kí èmi tí n kò gbọ́ ìró ìbọn rí mọ̀ pé ogun kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣe fáàrí.

*Saving Private Ryan* jáde ní ọdún 1998. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lé ní ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi ṣàfihàn bí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ṣe gúnlẹ̀ sí etíkun Omaha ní ilẹ̀ Faransé, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1944. Nígbà tó jáde, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn ajagunfẹ̀yìntì ya nọ́ńbà tẹlifóònù kan sọ́tọ̀ fún àwọn tí sinimá náà bá dà lọ́kàn rú. Bí ó bá jẹ́ irọ́ lásán ni, kí ló dé tí àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀ fi sunkún? Mo gbà pé ó fi nǹkan sílẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn kan tí ìwé ìtàn tí mo kà ní ilé ìwé kò ṣí.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé tiwa kò pọ̀. *'76* tí Izu Ojukwu darí, tó jáde ní ọdún 2016, sọ ìtàn ìdìtẹ̀gbàjọba ọdún 1976 láti ilé sójà kan àti ìyàwó rẹ̀, inú bárékè Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ya á. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ìyàwó ló ń retí, òun ló ń kan ilẹ̀kùn ọ̀gá kiri. Ṣùgbọ́n ta ló ti ya ti Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó níbí? Gbogbo wa mọ̀ pé wọ́n pa á pẹ̀lú Ironsi ní oṣù keje ọdún 1966. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé ó ti gba àmì ẹ̀yẹ ológun fún iṣẹ́ tó ṣe ní Kóńgò ṣáájú ìgbà náà? Òru kan ṣoṣo la fi sọ gbogbo ayé ọkùnrin náà.

Ajagunfẹ̀yìntì, Ìkẹ́rẹ́:

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ, n kò sì bá ọ jà. Àwọn arúgbó yẹn sunkún nítorí pé fún ogún ìṣẹ́jú, wọn kò dá nìkan wà níbẹ̀ mọ́. Bí o bá wá di ẹni tó ń ya sinimá, kí o ya Kóńgò yẹn fún wa, kí o sì ya oṣù tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ìdó:

Ọmọ Ìjerò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ lórí ti kí ẹ jọ wò ó yẹn. Ìpayà tó máa ń bá ọmọ ogun délé kì í ṣe ojo, kì í sì í ṣe àfiṣe. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n kọ́kọ́ rò pé bí bọ́ǹbù ṣe ń bú gbàmù nítòsí ló ń ba ọpọlọ jẹ́, ọdún 1980 ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà sì tó fi orúkọ tí a ń pè é báyìí, PTSD, sínú ìwé wọn, lẹ́yìn tí àwọn tó ti Vietnam dé ti jìyà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lára àwọn bàbá tí a ń tọ́jú, mo ti rí ẹni tí ìró báńgà ọdún Kérésì ń sọ sábẹ́ ibùsùn ní ogójì ọdún lẹ́yìn tí ogun parí.

Ẹ sọ fún bàbá ṣáájú ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi yà wọ́n lẹ́nu. Ọ̀sán ni kí ẹ wò ó, kì í ṣe alẹ́, kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀, kí àwọn ọmọdé má sí níbẹ̀, kí rìmóòtù sì wà lọ́wọ́ bàbá fúnra wọn. Bí wọ́n bá sọ pé àwọn kò fẹ́, ẹ má tún un sọ. Bí oorun wọn bá dàrú ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn wá sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró wò ó.

Ọmọ Ìjerò:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti fẹ́ dáhùn láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo dúró kí n lè mú ohun kan wá.

Mo sọ fún bàbá nípa *The Burma Boy*, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ tán gẹ́gẹ́ bí Nọ́ọ̀sì ti wí. Wọ́n béèrè bóyá ọkùnrin náà yìnbọn. Mo ní rárá. Wọ́n ní kí n tan án. Nígbà tí ó dé ibi tí akọ̀ròyìn náà ti mú lẹ́tà ọpẹ́ Fadoyebo lọ fún ìdílé ẹni tó gbé e pamọ́, bàbá tẹ rìmóòtù, wọ́n dá a dúró. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà òjò ọdún 1969, àwọn àti ọmọkùnrin kan láti apá Ọ̀yọ́ ni wọ́n jọ máa ń gbé àpótí ọta kan, ọwọ́ kan níhìn-ín, ọwọ́ kan lọ́hùn-ún, nínú ẹrẹ̀ tó dé orúnkún. Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí àárẹ̀. Ní ọjọ́ kan, àpótí náà wúwo lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn bínú sí i pé ó jọ̀wọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, àwọn sì ti bú u kí àwọn tó bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. N kò ní kọ ọ́ síbí. Ìyá mi ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò gbọ́ orúkọ yẹn rí láti ìgbà tí àwọn ti fẹ́ ara wọn.

A kò wo èyí tó kù. Wọ́n sùn dáadáa lóru náà àti lóru kejì. Ní òwúrọ̀ àná, wọ́n ní kí n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n Ajagunfẹ̀yìntì tó wà ní Ìkẹ́rẹ́ bóyá wọ́n lè yọjú sí Ìjerò lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ogun o, àwọn kàn fẹ́ jókòó ti ẹni tí kò ní béèrè nǹkan lọ́wọ́ àwọn.

Ajagunfẹ̀yìntì, Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ bá mi kí bàbá. Mò ń bọ̀ ní Sátidé yìí, láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ bá wa gbé àga méjì sábẹ́ igi ọsàn yẹn.